Kò Ṣeku, Kò Ṣẹyẹ

Nígbà tí Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a kò mọ ẹ̀yà tí a ó kà á mọ́, wọn a ní kò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Àdán ni wọ́n ń bá wí. Ó ní eyín bí eku, ó ń fò bí ẹyẹ, ó sì ń dorí kodò lórí igi bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí ojú òun. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyìn. Síbẹ̀, bí ẹ̀yin òǹkàwé mi bá rò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé àdán kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Eyín rẹ̀ wà níta, ìyẹ́ rẹ̀ wà níta. Àwa tí a ń wò ó ni a kò mọ ibi tí a ó tò ó sí. Kòkòrò kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, tí òun náà kò ṣe labalábá, tí kò sì ṣe tata. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1980, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11. Eré ni mo fi ṣe. Ọdún 38 kọjá kí n tó mọ ohun tí eré náà ṣe fún ẹlòmíràn.

Ilé wa kò jìnnà sí Ìgá Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Ìyá tí ó bí bàbá mi ń ta ewé àti egbò ní ọjà Jánkárà. Ẹlẹ́wẹ́ ọmọ ni. Bí mo bá ti ti ilé-ìwé dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ láti bá a lé eṣinṣin kúrò lórí ọjà, kí n sì bá a ka owó ní ìrọ̀lẹ́. Ìsọ̀ rẹ̀ kún fún èèpo igi, ewé gbígbẹ, ọ̀gà gbígbẹ, ìkarahun ìgbín, orí ẹyẹ àti oríṣiríṣi kòkòrò tí wọ́n ti sá gbẹ nínú oòrùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ìdọ̀tí ni wọ́n kó jọ, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà mọ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn alájàpá bá gbé egbò wá láti oko, yóò fi èékánná họ ọ́, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi díẹ̀ kan ahọ́n; ìgbà náà ni yóò tó dá owó. Ó máa ń sọ fún mi pé ẹni tí ó ta ayédèrú aṣọ fún ènìyàn jẹ ẹ́ ní owó lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ta ayédèrú egbò fún ìyá ọmọ, ọmọ ni ó fẹ́ pa. Kò sí ohun tí Ìyá Àgbà kì í fi ṣe àwàdà, àyàfi èyí.

Ní ọdún náà, olùkọ́ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó wa lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó wà ní Oníkan, èyí tí ìjọba ṣí ní 1957. Ohun tí a rí níbẹ̀ wú u lórí ju bí ó ti wú àwa ọmọdé lórí lọ. Nígbà tí a padà dé, ó ní kíláàsì wa náà gbọ́dọ̀ ní igun kan tí a ó máa kó nǹkan sí, kòkòrò ni a ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ojú pátákó pé kòkòrò ní orí, ó ní àyà, ó ní ikùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà. A kà á tẹ̀ lé e títí ọ̀fun wa fi há. Ó ṣèlérí pé ẹni tí ó bá mú kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí wá yóò gba ẹ̀bùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ilé so mọ́ ilé níbẹ̀, ògiri ń fi èjìká kan ògiri. Igbó kò sí. Kòkòrò tí àdúgbò wa fi ń ṣe ènìyàn lálejò kò ju mẹ́ta lọ: aáyán, ẹ̀fọn àti eṣinṣin. Ní ọjọ́ kejì, aáyán 14 ni ó dé orí tábìlì olùkọ́, ọ̀kan tilẹ̀ tún jí dìde, ó sì wọ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ lọ. Olùkọ́ bínú. Nígbà náà ni èrò kan wá sí mi lọ́kàn pé, níwọ̀n bí kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò rí rí kò ti sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó yẹ kí ẹnì kan ṣe ọ̀kan.

Nínú abọ́ Ìyá Àgbà ni mo ti jí ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn gbígbẹ kan, ó dúdú, ó ń dán bí bàtà ọlọ́pàá. Mo pa labalábá funfun mẹ́ta nínú koríko etí ọ̀sà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá mi mú lámilámi kan àti tata kan. Mo jókòó sí abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa pẹ̀lú ìgò gọ́ọ̀mù, abẹ́rẹ́ kan àti èédú díẹ̀ tí mo ti lọ̀ kúnná, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn ní ìyẹ́ líle méjì tí ó bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Bí a bá rọra fi ẹnu abẹ́rẹ́ gbé e sókè, a ó rí àyè kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ki ìdí ìyẹ́ labalábá bọ̀, mo kán gọ́ọ̀mù sí i, mo sì dá ọmọrí náà padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ìsopọ̀ fi pamọ́ pátápátá. Ìyẹ́ labalábá ní ìyẹ̀fun lára. Bí ìka ènìyàn bá ti kàn án, ìyẹ̀fun náà yóò bọ́, funfun rẹ̀ yóò sì ṣá. Mo ba púpọ̀ jẹ́ kí n tó mọ̀ pé ewé tútù ni ó yẹ kí n fi máa gbé e. Mo fi ìrù lámilámi kún ìdí rẹ̀, mo sì fi èédú pa ojú gọ́ọ̀mù kí ó má baà máa dán. Lẹ́yìn náà ni mo lẹ ẹsẹ̀ ìfò tata méjèèjì mọ́ ọn lẹ́yìn. N kò rántí pé ó yẹ kí n yọ méjì kúrò nínú mẹ́fà tí Ọlọ́run ti fún un tẹ́lẹ̀. Bí kòkòrò mi ṣe di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ nìyẹn.

Nígbà tí mo gbé e sínú páálí ìṣáná tí mo sì wò ó, ẹ̀rín pa mí. Orí rẹ̀ dúdú, aṣọ funfun ń wọ́ tẹ̀ lé e: Ẹ̀yọ̀ ni mo ń wò. Ẹni tí ó bá mọ eré Adámú Òrìṣà mọ̀ pé akẹtẹ̀ ni a fi ń mọ ilé tí Ẹ̀yọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde wá. Ẹ̀yọ̀ Adímú, tí ó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, ni ó ni akẹtẹ̀ dúdú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo wo ilé, mo sì sọ ọmọ mi ní Kòkòrò Adímú. Orúkọ nìkan kò tó mi, mo tún ṣe ìtàn mọ́ ọn. Mo ní ọdún tí Ẹ̀yọ̀ bá jáde nìkan ni ó ń fara hàn. A kì í wọ bàtà lójú Ẹ̀yọ̀, a kì í wé gèlè, a kì í mu sìgá, obìnrin kì í sì í dirun ṣùkú. Ọmọbìnrin kan sì wà ní kíláàsì wa tí ó ń fi ṣùkú orí rẹ̀ yangàn sí wa. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe fi kún un pé Kòkòrò Adímú kò fẹ́ràn ṣùkú rárá, orí onítọ̀hún ni ó sì máa ń bà lé.

Ìyá Àgbà ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn mi tí mo ń wá láti ọjọ́ Ajé rè é.” Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ìró fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nídìí rẹ̀. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìsọ̀ kejì kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ọmọ òun. Ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, “Àbẹ̀kẹ́, ta ni ó fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ? Ṣé ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé Mẹ́kà ni?” Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó fà mí sún mọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ilé-ìwé, kí wọ́n tó yìn ọ́, kí o ti sọ fún tíṣà rẹ pé ìwọ ni o lẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó lẹ nǹkan tí ó sì sọ pé òun ni òun lẹ̀ ẹ́, oníṣẹ́ ọnà ni. Ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ tí ó wá dákẹ́…” Oníbàárà kan dé, ó ń wá ewé fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ìyá Àgbà yíjú sí i, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé páálí ìṣáná mi lé orí tábìlì. Olùkọ́ wa ṣí i, ó sì dìde dúró. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Ní tòótọ́, mo ti la ẹnu láti sọ òkodoro. Ṣùgbọ́n gbogbo kíláàsì ti dìde, wọ́n ń na ọrùn, ọmọ oníṣùkú sì ti fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Mo ní, “Ní ẹ̀yìn Ìgá ni, sà.” Mo sọ orúkọ rẹ̀, mo sọ ìtàn rẹ̀. Olùkọ́ fi kálámù pupa kọ ọ́ sórí páálí funfun: Kòkòrò Adímú, Ìsàlẹ̀ Èkó, 1980. Mo gba ìwé àjákọ méjì àti bírò kan. Ẹni tí ó kọ́ wa pé ẹsẹ̀ kòkòrò jẹ́ mẹ́fà kò ka ẹsẹ̀ kòkòrò yìí. Ẹnikẹ́ni kò kà á.

Ọmọkùnrin tí ó jókòó tì mí ni ó kàn. Ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Ẹbútè Èrò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Nínú ìdì igi ìdáná kan ni ó ti rí kòkòrò tirẹ̀. Ó gùn tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ka igi gbígbẹ. Ó ti kú kí ó tó gbé e dé ilé-ìwé, ẹsẹ̀ kan sì ti ré kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá fi òwú pupa so ẹsẹ̀ náà mọ́ ọn padà, kí ó lè pé. Òwú pupa yìí ni olùkọ́ kọ́kọ́ rí. Ó ní igi ni. Ọmọ náà ní, “Sà, ó ń rìn lánàá.” Olùkọ́ ní, “Igi ń rìn?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ni a wá ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́fà ni. Ẹgba mẹ́fà ni olùkọ́ nà án fún irọ́ pípa, ó sì ju kòkòrò náà sí ojú fèrèsé.

Èmi tí mo jókòó tì í ti rí i kí olùkọ́ tó rí i. Mo rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni òwú wà lára rẹ̀, ojúlówó ẹsẹ̀ kòkòrò ni márùn-ún yòókù. Ẹni tí ó ti jókòó lẹ kòkòrò fún odidi ọjọ́ kan mọ ìyàtọ̀. Mo dákẹ́.

Kì í ṣe Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1702, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Charlton fi labalábá kan ránṣẹ́ sí James Petiver tí ó ń kó kòkòrò jọ. Labalábá náà pupa rúsúrúsú, àmì dúdú àti àmì tí ó dà bí oṣù aláwọ̀ aró sì wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún rí irú rẹ̀. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tí ó sọ ẹranko àti ewéko ayé ní orúkọ, rí i, ó pè é ní Papilio ecclipsis, ó sì fi í sínú ìwé ńlá rẹ̀, Systema Naturae, tí ó jáde ní 1767. Ní 1793 ni Fabricius, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus nígbà kan, wò ó fínnífínní, tí ó sì rí i pé labalábá tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ẹnì kan ni ó kun ún ní ọ̀dà. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti labalábá yìí lọ fún ọdún 91 kí òtítọ́ tó bá a.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni ó dùn mí jù. Ní 1799, George Shaw, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àpèjúwe awọ ẹranko kan tí wọ́n gbé wá láti Ọsirélíà. Irun bo gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu pẹ́pẹ́yẹ ni ó wà ní orí rẹ̀. Shaw ṣiyèméjì, ó rò pé ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ni ó fọgbọ́n rán ẹnu ẹyẹ mọ́ ara ẹranko. Ẹranko náà sì ń bẹ láàyè nínú odò Ọsirélíà títí di òní, ó ń yé ẹyin, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà. Ayédèrú tí àwọn atukọ̀ ojú òkun ń gbé bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ti pọ̀ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ojúlówó fi dé tí wọ́n ń họ ọ́ lára. Bí a bá ti gba irọ́ kan láyè, ojú tí a fi ń wo òtítọ́ ti bàjẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá àwọn tí ń lẹ nǹkan mọ́ nǹkan jà. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlú mi ni mo ń bá jà, nítorí lílẹ̀ ni a lẹ Èkó. Ẹ gbọ́ orúkọ àdúgbò wa: Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúntafà. Àwọn onímọ̀ fi ‘ìdú’ yẹn wé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ìbíní ń pe àdúgbò, wọ́n sì so ó mọ́ ayé àtijọ́ tí Èkó ń sin Ìbíní. Orí Ìbíní, ara Yorùbá. Ìtàn kan sọ pé láti Ìbẹ́fùn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ẹ̀yọ̀ tí a fi ń yangàn yìí ti wá, kí ó tó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Èkó. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi fi ń rántí ikú Jésù, fírẹ́jọ̀n ni àwọn ará ilé Àgùdà ń gbé fún wa, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí orúkọ rẹ̀ ti inú èdè Potogí wá.

Àwọn Àgùdà yìí kan náà, àwọn tí baba ńlá wọn ti oko ẹrú ilẹ̀ Bràsíìlì padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní màlúù kan tí wọ́n ń gbé jáde nígbà ayẹyẹ ní agbègbè Campos. Mebọi ni wọ́n ń pè é. Ìbátan ni ó jẹ́ fún Bumba-meu-boi tí àwọn ará Bràsíìlì ń ṣe, àti Bùríyàn tí àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ń ṣe ní orílẹ̀-èdè Benin. Igi ni egungun màlúù yìí, aṣọ ni awọ rẹ̀, ènìyàn ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn náà hàn nísàlẹ̀ kedere. Ọmọdé tí ó bá lé yóò sáré, yóò sì máa rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sáré. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn apidán ayé àtijọ́ ṣe ń di ere, tí wọ́n ń di ọ̀nì lójú agbo. Wọ́n pe eré wọn ní idán. Orúkọ náà ti ṣe ìkìlọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ìsopọ̀ Mebọi wà níta, ojú ìsopọ̀ orúkọ Ìdúmọ̀tà wà níta fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Èmi ni mo fi èédú pa ojú tèmi.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n fò dé ọdún 2018. Mo ti di olùkọ́ni ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì. Ẹ̀yọ̀ jáde ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé ọdún 50, ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó sì wá ń wu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń darí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn yan orúkọ ẹranko àti kòkòrò ní ẹnu àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ bí èèrà ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo ń ka orí kẹrin iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo kan ibi kan tí ó kà báyìí: “Kòkòrò Adímú: orí rẹ̀ dúdú, ìyẹ́ rẹ̀ funfun, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Ọdún Ẹ̀yọ̀ nìkan ni ó ń jáde. Kò fẹ́ràn obìnrin tí ó dirun ṣùkú.”

Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Mo rẹ́rìn-ín fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, níbi tí ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ rẹ̀ sí. Mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ní àwọn gbọ́ ọ ni. Ẹnì kẹta jẹ́ ọkùnrin kan tí ó ń ta àwọ̀n ẹja ní Ẹbútè Èrò. Ó ní: “Mo fi ojú mi rí i ní ilé-ìwé. Ọmọbìnrin kan ni ó mú un wá. Èmi náà mú igi lásán wá lọ́jọ́ yẹn, mo fi òwú so ó, mo pè é ní kòkòrò. Tíṣà nà mí dáadáa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà.”

Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo ń rò ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni pé wọ́n na ọ̀rẹ́ mi láìṣẹ̀, pé ó ti gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. N kò mọ̀ pé ó ti gba ẹjọ́ náà ní ẹ̀bi. Ohun tí ó rí tí ó ń rìn, ó ti gbà pé kò rìn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà sí yàrá iṣẹ́ mi, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu olùkọ́ rí. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, “Mà, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé àwọn yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n ṣe sí orí kẹrin?” Ọmọ náà béèrè ohun tí ó yẹ kí n ti kọ́ ọ kí ó tó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwa tí a ń kọ ìwé lórí àṣà fẹ́ràn láti kọ ọ́ pé “Yorùbá gbà pé”, bí ẹni pé gbogbo Yorùbá jókòó ní ọjọ́ kan láti fẹnu kò. A kì í sábà kọ ẹni tí ó sọ ọ́, ìgbà tí ó gbọ́ ọ, àti ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Èédú tí a fi ń pa ojú ìsopọ̀ ni “Yorùbá gbà pé” yẹn. Mo sọ fún un pé kí ó má yọ Kòkòrò Adímú kúrò. Kí ó kọ ọ́ bí ó ti rí: ohun tí ó gbọ́, ẹnu tí ó ti gbọ́ ọ, ẹni tí ó dá a sílẹ̀, ọdún tí ó dá a sílẹ̀, àti irú gọ́ọ̀mù tí ó fi lẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó wádìí àwọn yòókù bẹ́ẹ̀. Ó gbà á ní oṣù méjì sí i, ó sì kùn sí mi díẹ̀.

Èmi náà ní ìrìn tèmi láti rìn. Mo lọ sí Ẹbútè Èrò ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti hewú. Kò dá mi mọ̀, ó rò pé àwọ̀n ni mo fẹ́ rà, ó ní, “Ẹ kú àárọ̀, mà.” Mo sọ orúkọ mi fún un, ó sì pariwo, “Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ ẹlẹ́wẹ́ ọmọ!” Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Mo jókòó, mo sì rò fún un láti orí ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn Ìyá Àgbà títí dé ibi èédú. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, mo mú àwòrán kan jáde nínú àpò mi, àwòrán kòkòrò tí ó rí bí ẹ̀ka igi gbígbẹ, tí àwọn onímọ̀ mọ̀ dáadáa ní gbogbo ilẹ̀ gbígbóná ayé.

Ó gbà á, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní, “Ó ń rìn.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń rìn.”

“Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo so.”

Mo ní, “Mo mọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ náà.”

Ó gbé ojú sókè. “O rí i?”

N kò ní ìdáhùn tí ó tó èyí. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ká àwòrán náà sí méjì, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ ra mínírà tútù wá fún àlejò. A sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ti kú nínú ẹgbẹ́ wa, nípa owó àwọ̀n tí ó ti wọ́n, nípa ilé wa àtijọ́ tí wọ́n ti wó. Kò tún mẹ́nu ba kòkòrò mọ́ títí mo fi dìde. Ìgbà tí ó sìn mí dé ojú ọ̀nà ni ó dúró.

Ó ní, “Ọmọ yẹn tí ó ń kọ ìwé, sọ fún un kí ó kọ tèmi náà sí i. Kí ó kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni ó ní.”

Ó wà nínú ìwé náà, ní orí kẹrin. Kò ní orúkọ, nítorí ẹni tí ó rí i kò sọ ọ́ ní orúkọ kankan. Kòkòrò kan ni, láti inú ìdì igi ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ní ọdún 1980. Ó rí bí igi, ó ń rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, òwú pupa sì wà lára ọ̀kan.